Egungun Ìhà Tí Mo Ní Kò Pé

Ọjọ́ Ajé, oṣù kẹfà, ọjọ́ kejì

Oníbèéèrè dé lónìí láìpè mí ṣáájú. Òjò ti rin ín gbindingbindin. Àpótí rẹ̀ wúwo bíi pé òkúta ló kó sínú rẹ̀, àmọ́ ìwé ni. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni, èmi ni mo sọ ọ́ ní Oníbèéèrè torí pé ìbéèrè rẹ̀ kì í tán, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti dàgbà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí tó ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní yunifásítì.

Mo ní kí ló dé, ṣebí wọn ò tíì gba ọlidé. Ó ní, "Mo féèlì, Màmá Àgbà. Ìdánwò àfẹnusọ ni. Wọ́n ní kí n wá tún un ṣe ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó ń bọ̀. Tí mo bá féèlì nígbà yẹn, ó parí. Tí mo bá tiẹ̀ padà lọ."

Mo ní, "Tí o bá tiẹ̀ kí ni?"

Ó lọ bọ́ aṣọ tútù.

Ìwé rẹ̀ tí kò kọ tán ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Àwòrán egungun ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́, mi ò sì ya á dànù. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, àmọ́ kò sí ẹni tó máa sọ pé mi ò lè kọ ohun tí ojú mi rí. Ohun tí mo bá rántí ni màá kọ, ì báà gbè mí, ì báà má gbè mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Kò dìde fún àdúrà àárọ̀. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Èmi tí mo pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ẹ̀yìn tèmi ń kọrin ni?

Yunifọ́ọ̀mù mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀ tí mo ní láti yí kọ́là wọn padà. Òwú funfun tún ti wọ́n sí i. Mo sọ fún ẹni tó ń tà á pé ojú rẹ̀ ti le jù. Mo rà á náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ó ti sọ ọ́. Mò ń tú kọ́là lọ́wọ́, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò wojú mi.

Ó ní olùkọ́ mẹ́ta ló jókòó níwájú òun. Wọ́n gbé egungun àyà ọkùnrin kan àti ti obìnrin kan kalẹ̀, wọ́n ní kó sọ iye ìhà tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Òun ti kà á nínú ìwé, òun sì ti kọ ọ́ nínú ìdánwò àkọsílẹ̀: méjìlá lọ́tùn-ún, méjìlá lósì, àti ọkùnrin àti obìnrin. Àmọ́ ẹ̀rù ti bà á, ẹnu rẹ̀ sì kàn là fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ti ọkùnrin dín kan ní apá òsì, nítorí ti Ádámù."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Màmá mi àgbà." Ẹ̀rín tún bẹ́. Látìgbà náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́, gbogbo ohun tó kù tí wọ́n bi í ló fò lọ lórí rẹ̀. Egungun Ìhà ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì báyìí.

Mo ní, "Egungun obìnrin ni wọ́n kó fún yín. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti rí i?"

"Màmá Àgbà, mo padà lọ sí yàrá egungun. Mo ka ti ọkùnrin mẹ́rin. Wọ́n pé."

"Ó lè jẹ́ pé àwọn tó so ó pọ̀ ló fi kan kún un."

"Wọ́n pé, Màmá Àgbà."

Mo bi í pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúrà wọn lọ́hùn-ún ńkọ́, kí ni wọ́n sọ. Ó ní ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà bíi tirẹ̀, ní kí òun máa kọ ohun tí olùkọ́ fẹ́ sínú ìwé, kí òun sì máa gba tòun gbọ́ nínú ọkàn. Ó ní, "Wọ́n ń kọ méjìlá, wọ́n ń gba mọ́kànlá gbọ́, wọ́n sì ń sùn dáadáa. Èmi ò lè ṣe é."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ní, "Kì í ṣe féèlì yẹn ló ń dùn mí. Ẹ fi ọwọ́ sọ̀yà fún mi lórí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n wá ṣe sí ìyókù tí ẹ kọ́ mi?"

Abẹ́rẹ́ gún mi níka. Mi ò jẹ́ kó rí i.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹjọ

Èmi nìkan ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn ń béèrè rẹ̀. Mo ní ó ń kàwé.

Pásítọ̀ kéde pé ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì oṣù tó ń bọ̀, wọ́n máa ṣe àjọyọ̀ ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ kíláàsì àwọn ọmọdé. Wọ́n máa fún mi ní férémù onígíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo tẹrí ba. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń dúró de ọjọ́ yẹn, kí n má parọ́. Nígbà tí mo jókòó padà, ìjókòó náà le koko.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ sílé kejì lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ní mo wá wo bí orókún rẹ̀ ṣe ń ṣe. Nígbà tí a ti sọ̀rọ̀ orókún tán, mo bi í ní iye ìhà ọkùnrin, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn.

Ó ní, "Méjìlá méjìlá, Ìyá Télọ̀. Ta ló ní kò rí bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ẹnì kan ni."

Ó ní, "Ẹni náà ti pẹ́ lẹ́yìn o."

Mo kí i pé ó dàbọ̀. Òjò ò dá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọmọ mi awakọ̀ lọ́rì, bàbá Oníbèéèrè, yà wò wá. Kò tíì jókòó tí mo fi ní kó bọ́ ẹ̀wù, kó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.

Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gé mi ni?"

"Dákẹ́. Mí sínú."

"Ọwọ́ yín tutù."

"Ọ̀rá yìí pọ̀ jù. Kí ni wọ́n ń fún ẹ jẹ lójú ọ̀nà?"

Mo ka mẹ́wàá lọ́tùn-ún. Mo ka mẹ́sàn-án lósì. Inú mi dùn débi pé mo fi ọwọ́ lu tábìlì. Mo ní, "Ó dín. Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Oníbèéèrè jáde láti inú yàrá. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Òkè lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, Màmá Àgbà, nídìí ọrùn. Àkọ́kọ́ sá pamọ́ síbí. Ẹ máa bọ̀ wá sísàlẹ̀. Méjì tó kẹ́yìn kò dé iwájú rárá, ẹ̀yìn lẹ ti máa wá wọn." Bàbá rẹ̀ ń jà kìtìkìtì bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń rẹ́ nírun, nítorí pé ó ń rín in. Mo fi ìka mi kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjìlá. Méjìlá.

Ọmọ mi ní, "Ṣé mo pé?"

Mo ní kó wọ ẹ̀wù rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Nóà dípò ti ọgbà Édẹ́nì tó yẹ ká kà. Ọmọdé kan ní, "Màmá, ṣé ìhà akọ ọ̀bọ náà dín?" Mo ní kó jókòó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo rántí nǹkan. Mi ò fẹ́ kọ ọ́, àmọ́ mo ti sọ ohun tí mo sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí mo ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà rèé. Màá to àwọn ọmọkùnrin síwájú, màá ní kí àwọn ọmọbìnrin máa ka ìhà wọn láti orí ẹ̀wù. Ọmọ tó bá ní wọ́n pé, màá ní, "Tún wọn kà." Tó bá tún ní wọ́n pé, màá ní, "Tún wọn kà dáadáa." Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe é títí yóò fi rí i pé ó dín. Gbogbo kíláàsì á wá pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ọdún kan tí kò dín. Odindi ọgbọ̀n ọdún.

Oníbèéèrè jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tó kàn án. Ó kà, ó ní, "Wọ́n pé, Màmá Àgbà." Mo ní kó tún wọn kà. Ó ní wọ́n pé. Mo fi rúlà gbá a lọ́wọ́, kí wọ́n má bàa ní mò ń ṣojúsàájú ọmọ ọmọ mi. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọmọkùnrin yẹn, àmọ́ ojú mi ló ń wò. Ó ní, "Ó dín kan." A pàtẹ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo bi í bóyá ó rántí. Ó ń bó ẹyin. Ó ní, "Ọwọ́ òsì lẹ gbá."

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Mi ò ránṣọ lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ṣí Bíbélì sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, mo sì ń fi ìka tọ̀ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run yọ ìhà kan lára ọkùnrin àkọ́kọ́. Ó wà níbẹ̀. Mo wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ti àwọn ọmọ rẹ̀ dín. Mo kà á lẹ́ẹ̀márùn-ún. Kò sí. Àwa la fi kún un. Obìnrin tó kọ́ èmi náà ní kékeré ló sọ ọ́ fún mi, ó sì ti kú kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n bi í.

Mo wá jókòó. Mo ń wo àwòrán bàbá àwọn ọmọ mi lára ògiri. Káfíńtà ni. Ayùn ti gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kí a tó fẹ́ra. Ọmọ márùn-ún ni mo bí fún un, mo sì ka ìka wọn lọ́jọ́ tí mo bí wọn, nítorí ẹ̀rù bà mí. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni gbogbo wọn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti mọ èyí. Mi ò mú un wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ádámù rí. Ohun méjèèjì wà lórí kan náà, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mo sọ ti ìka bàbá-bàbá rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti dé. Ó ní ká ní òun sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn olùkọ́ wọn, wọn ì bá fún òun ní máàkì.

Ẹ̀rín náà wá tán. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá Àgbà. Ti ìhà ti yanjú. Ọjọ́ orí ayé ńkọ́? Egungun àwọn ẹranko tó wà nínú òkúta ńkọ́, tí wọ́n ti kú kí ẹnikẹ́ni tó dẹ́ṣẹ̀? Ọmọ ọdún méjì kan wà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n kó wa lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ wa gbààwẹ̀ fún un. Ó kú. Ìyẹn ńkọ́?"

Mo la ẹnu. Kò sí ìbéèrè tí mi ò ní ìdáhùn rẹ̀ rí. Mo wá gbọ́ tí mo ní, "Mi ò mọ̀."

Ó wò mí bíi pé eyín mi já sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò sọ ìyẹn rí."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni."

Mo ní ohun kan wà tí mo mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá-bàbá rẹ̀ wọlé fún mi tí kò mí mọ́, mo jókòó sí yàrá yìí, mi ò sì dá jókòó. Ẹnì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Mi ò lè gbé ìyẹn sórí tábìlì fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ kí wọ́n kà á. Mi ò sì ní sọ pé kò ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá Àgbà." Kò ní òun gbà á. Ó ní òun gbọ́.

Ọjọ́rú, oṣù keje, ọjọ́ kejì

Mo lọ bá pásítọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọdé ni lójú mi, èmi ni mo rán ẹ̀wù tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jẹ pásítọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní mo fẹ́ bá àwọn ọmọ tún un ṣe lọ́jọ́ àjọyọ̀ yẹn.

Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá ní ẹ ti ṣì wọ́n lọ́nà níbì kan, wọ́n á bi yín nípa gbogbo ibi tó kù. Àwọn òbí wọn á bi èmi."

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ka kẹ́mísírì ní yunifásítì, ṣé ẹ mọ̀ pé ó pé?"

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ sì ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì mi, ẹ ń rẹ́rìn-ín músẹ́."

"Màmá, mo ní ẹ̀wù iṣẹ́, mo sì ní ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì. Mi kì í wọ̀ wọ́n pọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo ní, "Télọ̀ ni mí. Ara kan náà ni mo máa ń wọ̀n fún méjèèjì."

Kò ní kí n ṣe é, kò ní kí n má ṣe é. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó fún mi ní agbòjò rẹ̀. Inú mi bà jẹ́ fún un. Mo rò pé ó ti pẹ́ tó ti ń dá ru ẹrù yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Òrùlé ń jò sórí máṣíìnì. Mo gbé abọ́ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Oníbèéèrè ti ṣí ìwé. Mi ò sọ nǹkan kan kí ó má bàa tún un pa dé.

Lọ́sàn-án ó ní kí n dúró, ó fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ya egungun sí ara ẹ̀wù mi, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó ń pe orúkọ wọn, èmi ń fi ìka tọ lẹ́tà wọn nínú ìwé. Mi ò mọ ìtumọ̀ ọ̀kankan, àmọ́ mo mọ̀ tó bá fo lẹ́tà. Ó ṣì mẹ́ta nínú ogójì. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó bá mi tí mo dúró bí òkú tó jí. Ó ní, "Ìyá Télọ̀, ta ló bọ́ ẹran ara lára yín?" A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo bi í bóyá ó máa tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ti kọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàlá

Mo kọ́kọ́ wọ aṣọ àwọ̀ ojú ọ̀run, mo bọ́ ọ, mo wọ èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

Wọ́n kọrin, wọ́n sọ̀rọ̀ mi dáadáa. Pásítọ̀ gbé férémù dání. Mo ní kó mú sùúrù. Mo pe ọmọkùnrin kan síwájú, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tínrín bí igi ìṣáná. Mo pe ọmọbìnrin kan. Mo fi bí Oníbèéèrè ṣe fi hàn mí hàn án, láti nídìí ọrùn, títí dé méjì tó wà lẹ́yìn. Mo ní, "Kà wọ́n fún wa."

Ó kà. Ó rọra kà, ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ó dín kan, Màmá."

Gbogbo wọn ti gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ dúró." Mo ní, "Ọmọ mi, má wo ojú mi. Mi ò sí níbí." Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ ni mo ti rí Oníbèéèrè, tó dúró níta gbangba, kò tíì wọlé, agbòjò pásítọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó pẹ́. Mo gbọ́ tí ọmọkùnrin náà ní ó ń rín òun. Ohùn kékeré kan wá ní, "Wọ́n pé."

Mo ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Wọ́n pé, Màmá. Méjìlá méjìlá."

Mo yíjú padà. Mo sọ fún wọn pé gbogbo ìgbà ni ìhà náà ń pé. Mo ní Ìwé Mímọ́ kò sọ ohun tí mo ní ó sọ, èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní ọmọ ọdún méje kan sọ òtítọ́ fún mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí lẹ́ẹ̀mejì, mo nà án, ó wá parọ́ kí inú mi lè dùn, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní kó dárí jì mí.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde. Alàgbà kan ní kí ni mo wá ń dá wàhálà sílẹ̀ sí. Pásítọ̀ gbé férémù fún mi. Ó sọ lẹ́nu gbohùngbohùn pé òun náà ti mọ̀, òun ò sọ. Ìyẹn nìkan ló sọ, ó sì jókòó.

Nígbà tí mo tún wo ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Òbí méjì ti ránṣẹ́ pé ọmọ wọn ò ní wá sí kíláàsì mi mọ́. Ẹnì kan wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ láìtíì parí. Férémù wà lábẹ́ ibùsùn.

Oníbèéèrè kò sọ̀rọ̀ àná. Àmọ́ ó fọ ẹ̀wù oníṣọ́ọ̀kì yẹn, ó lọ̀ ọ́, ó tún ya egungun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ṣì ọ̀kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó lọ lónìí. Òjò dá láàárọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. Mo di búrẹ́dì àti ẹyin sínú ike fún un. Bàbá rẹ̀ gbé àpótí, ó ń ráhùn pé ìwé wúwo ju sìmẹ́ǹtì lọ.

Ní ibùdókọ̀, mo bi í pé kí ló máa sọ tí wọ́n bá tún bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Màá ní Màmá mi àgbà ni. Màá ní ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kọ́ mi."

Wọ́n ń pe èrò. Ó ku ẹni méjì kí bọ́ọ̀sì kún. Ó dúró, kò wọ ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ ò ní gbàdúrà ni?"

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí n gbà á?"

Ó ní, "Ẹ gbà á. Màá máa gbọ́."

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí bíi ti ìgbà tó wà ní kékeré. Mi ò fà á gùn. Mo ní kí Ọlọ́run jókòó tì í nínú yàrá ìdánwò yẹn, ì báà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ì báà má mọ̀. Mo ní kí ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Mo parí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀, mo sì dúró de Àmín.

Kò ṣe é.

Mo la ojú. Ó ti la ojú tirẹ̀, ó sì ń wo ojú mi, bó ṣe wò ó lọ́jọ́ rúlà yẹn, láti mọ ohun tí mo fẹ́ kó sọ. "Tún un ṣe" ti dé ètè mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi sọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ń wo táyà bọ́ọ̀sì náà, ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, títí mo fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé. Mi ò ní kó tún un ṣe.